Bẹẹrẹ àti Iná Ọ̀dàn

Ilẹ̀ kan wà ní ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé ní Dọ̀pẹ̀mú, tí ó tó ilẹ̀ ilé mẹ́rin, tí ẹjọ́ ẹbí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi búlọ́ọ̀kù kan lé e fún ọdún pípẹ́. Koríko ni ó gba ibẹ̀ kan. Èkan ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, eèsún wà ní ibi tí omi máa ń dúró sí, àwọn ewéko kéékèèké tí n kò mọ orúkọ wọn sì wà láàárín wọn. Ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò sọ iná sí i nítorí ejò. Díẹ̀ ni ó kù kí iná náà dé ògiri wa. A bu omi, a bu iyanrìn, a pariwo. Nígbà tí iná kú tán, ìyá arúgbó kan tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ojúlé kejì sí tiwa, tí ó ti ìgbèríko Ọ̀yọ́ wá, jáde síta. Ó wo ilẹ̀ dúdú náà títí, ó sì yíjú sí àwọn ọmọ náà.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni ó ni iná yìí?"

"Ìyá, àwa ni a dá a. Ẹ má bínú, ejò ni ó ń dà wá láàmú."

"N kò bi yín pé ta ni ó dá a. Mo ní ta ni ó ni ín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ogbó ni. Kí n má parọ́, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn Ọ̀yọ́ fún iṣẹ́ mìíràn ni ìbéèrè náà tó padà wá bá mi, tí mo sì rí i pé ìyá náà mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ibi tí ó ti wá, iná pápá a máa ní olúwa, a sì máa ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé Dọ̀pẹ̀mú kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀dàn. Ilẹ̀ Àwórì ni, ilẹ̀ igbó àti ọ̀pẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, obì àti kòkó ni àwọn àgbẹ̀ ńláńlá ń gbìn ní agbègbè Agége tí ó múlé gbè wá. Ní ọdún 1907 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀, J. K. Coker sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Koríko tí a ń rí ní àdúgbò wa lónìí, ẹ̀yìn ọkọ́ ni ó hù. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀dàn gidi ní láti lọ sí òkè. Ojú irin tí ó gba Agége kọjá ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti fi ojú rí i bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà. Láti ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yóò rí i pé bí a ṣe ń kúrò ní Abẹ́òkúta ni igbó ń ṣí díẹ̀díẹ̀, tí àwọn igi ń jìnnà sí ara wọn, tí koríko sì ń gba àárín wọn. Lójú ọ̀nà yìí, lẹ́bàá odò Ògùn, ni Olókemèjì wà.

Àwa ará ìlú ńlá ti sọ èdè wa di òtòṣì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ibi tí kò bá ti sí ilé ni à ń pè ní igbó. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgàn yàtọ̀ sí igbó, igbó yàtọ̀ sí ìgbòrò, ọ̀dàn yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ gbalasa tí koríko jẹ́ olórí rẹ̀, tí igi emi, igi igbá àti igi àyìn dúró káàkiri inú rẹ̀ bí ènìyàn tí ó ń ṣọ́ ọjà lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni pé Ọlọ́run ni ó dá a bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní apá ibi tí òjò ti pọ̀ tó fún igbó láti hù, kò rí bẹ́ẹ̀, Olókemèjì sì ni ẹlẹ́rìí.

Olókemèjì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan níbẹ̀ tí ó rọrùn láti ṣàlàyé. Wọ́n pín ilẹ̀ ọ̀dàn sí abala mẹ́ta tí ó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Wọ́n ń fi iná sun abala kìíní lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ kanrin. Wọ́n ń sun abala kejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ṣì kù díẹ̀ nínú koríko. Abala kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kàn án rárá. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1957, tí Keay àti Charter yẹ ilẹ̀ náà wò, ọ̀rọ̀ ti dá sí mẹ́ta. Abala tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó ṣì jẹ́ ọ̀dàn gbalasa, koríko rẹ̀ pọ̀, igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Igi ti pọ̀ gan-an ní abala tí iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ń jó. Abala tí wọ́n dá ààbò bò ti di igbó dídí. Koríko ọ̀dàn ti kú nínú rẹ̀ nítorí òjìji. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni ó gbà.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọ̀dàn, tí ó wá fi ọgbà yí i ká, tí ó sì lé iná jìnnà sí i pátápátá, ọ̀dàn náà ni ó ń pa.

Kí ni a sì fẹ́ fi ọ̀dàn ṣe? Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ní owó lórí. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀dàn kọjá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iná pápá yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Eérú ṣì wà nílẹ̀, òjò kò tíì rọ̀, síbẹ̀ òdòdó ti yọ. Èyí tí ó máa ń kọ́kọ́ fi ara hàn ni òdòdó pupa rúsúrúsú kan tí ó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tí ó máa ń yọ láti inú ilẹ̀ láìsí ewé kankan lára rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan fi ọwọ́ gbé e síbẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ó nípọn nísàlẹ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ ni ó kó oúnjẹ pamọ́ sí. Iná kò lè dé ibẹ̀. Èpàkùn tí àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ń tà lọ́jà, ọmọ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òun náà: iṣu rẹ̀ dúdú, òdòdó rẹ̀ dàbí ìràwọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí òjò bá wá dé dáadáa, bàákà a gbé òpó òdòdó tirẹ̀ sókè láàárín koríko. Gbogbo wọn ni ó nílò oòrùn. Bí igi bá ti bo orí wọn, tàbí tí koríko àná àti ti ìjẹta bá wó lé wọn, wọ́n a dúró sínú ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n a kú.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní pápá òdòdó tiwọn, tí wọ́n fi ń ṣe koríko gbígbẹ fún ẹran ní ìgbà òtútù. Dòjé ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe iná. Òfin àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ wọn ni pé a kò gbọdọ̀ gé koríko títí òdòdó yóò fi gbó, tí irúgbìn rẹ̀ yóò fi bọ́ sílẹ̀; lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gé e, tí wọ́n á kó o kúrò, tí ẹran á sì wá jẹ ìyókù. Nígbà tí wọ́n ní ẹ̀rọ àti ajílẹ̀, wọ́n fi òfin náà sílẹ̀. Láti bí ọdún 1930 sí ọdún 1984, ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ nínú irú pápá bẹ́ẹ̀ tí ó pòórá ní England àti Wales. Mo mú ọ̀rọ̀ wọn wọlé nítorí ohun kan: gé e nígbà tí irúgbìn ti bọ́, kó o kúrò, kí ilẹ̀ lè rí oòrùn. Bí ẹ bá di ìlànà yẹn mú, ẹ ó lóye ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Bẹẹrẹ ni orúkọ koríko tí wọ́n fi ń bo ilé ní Ọ̀yọ́. Òun náà ni orúkọ ọdún tí wọ́n máa ń ṣe fún Aláàfin láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí oṣù kìíní sí oṣù kejì, nígbà tí koríko náà ti gbó, tí ó sì yẹ fún gígé. Samuel Johnson ṣàpèjúwe ọdún náà nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó parí ní 1897, tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921. Ìdí ọdún náà kò ṣòro. Òrùlé ààfin pọ̀, ó ga, pàápàá jù lọ àwọn kọ̀bì tí kò sí ẹni tí ó lè ní wọn àfi ọba. Òjò a máa ba koríko jẹ́, a sì ní láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ni ó ń mú ìdì bẹẹrẹ wá. Aṣojú àwọn ọba kéékèèké yóò dé pẹ̀lú ẹrù koríko, wọn yóò kí Aláàfin, wọn yóò san ìṣákọ́lẹ̀, wọn yóò sì padà sílé. Iná pápá wà nínú ètò ọdún náà gan-an. Wọn a máa fi iná sí ọ̀dàn, ìjòyè àti ọdẹ a sì jáde sí i.

Àwọn òpìtàn ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ lórí Bẹẹrẹ gẹ́gẹ́ bí àmì ìtẹríba, wọn kò sì jẹ̀bi. Ìdì koríko kan kò tó nǹkan kan lójú ọjà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé a rí ọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀. Ìlú tí kò bá mú bẹẹrẹ wá ti sọ inú rẹ̀ síta láìla ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n wo ẹrù náà, wọn kò wo ibi tí wọ́n ti gé e. Láti rí bẹẹrẹ tí ó dára lọ́dọọdún, ìlú kọ̀ọ̀kan ní láti ní ọ̀dàn tí igi kò gbà, tí àgbẹ̀ kò ro tán, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ iná sí kí àkókò gígé rẹ̀ tó dé. Bí iná bá jó o ṣáájú, kí ni ẹ ó gbé lọ sí ààfin? A gé e nígbà tí irúgbìn ti bọ́. A kó o kúrò. A sun ìyókù. Èyí tí dòjé ṣe fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dòjé àti iná ni wọ́n jùmọ̀ ṣe é fún Ọ̀yọ́. N kò sọ pé nítorí òdòdó ni Aláàfin ṣe ń gba bẹẹrẹ. Nítorí òrùlé ni, àti nítorí agbára. Òdòdó jẹ nínú rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí adìyẹ ṣe ń jẹ nínú ọkà tí a ń gún.

Ẹṣin náà jẹ nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó mọ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ̀ pé orí ẹṣin ni agbára rẹ̀ wà, àti pé nínú ilẹ̀ gbalasa ni ẹṣin ti wúlò. Bí ogun bá ti wọ igbó, ẹṣin di ẹrù. Nígbà tí Clapperton àti Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n dé, wọ́n sì bá ìlú kan tí koríko wà lórí ilé rẹ̀ gbogbo, tí ó wà nínú ayé koríko. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ìlú náà ti tú. Àtìbà tún ìjọba tẹ̀ dó ní Àgọ́-Ọ̀jà, tí ó di Ọ̀yọ́ òde òní, ọdún Bẹẹrẹ sì bá a lọ síbẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ sọ Bẹẹrẹ di ńlá, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ ba ti inú rẹ̀ jẹ́. Captain Ross, tí ó jẹ́ Ajẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún ọdún púpọ̀ títí di 1931, fẹ́ kí Aláàfin Ládìgbòlù jẹ́ olórí lórí gbogbo ọba agbègbè rẹ̀. Ó jẹ́ kí àwọn ọba máa wá sí Ọ̀yọ́ wá kí i ní ọdún Bẹẹrẹ, títí kan àwọn tí ìlú wọn ti gba ara wọn sílẹ̀ láti ìgbà ogun. Ẹ rò ó wò bí ó ti rí lára ará Ìbàdàn, ẹni tí baba rẹ̀ jagun dá ààbò bo Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀! Nígbà tí Ross lọ, tí Ìbàdàn sì kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́ ní 1934, kò sí ẹni tí ó sunkún nítorí bẹẹrẹ ní àwọn ìlú wọ̀nyẹn. Èmi náà, bí mo bá wà níbẹ̀, n kì bá ti sunkún. Bí a bá ti so ìtọ́jú ilẹ̀ mọ́ ẹ̀gàn, ọjọ́ tí ẹ̀gàn bá tán ni ìtọ́jú náà ń bá a lọ.

Páànù ni ó parí rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn olólùfẹ́ àṣà ń bú páànù, pé ó ń mú ilé gbóná, pé ó ń pariwo bí òjò bá ń rọ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ilé wọn jó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, nígbà tí Captain Bower yin ìbọn ńlá sí ìlú Ọ̀yọ́, ohun tí òrùlé koríko ṣe nínú iná ọjọ́ náà kò nílò àlàyé. Obìnrin tí ó ní owó kòkó lọ́wọ́, tí ó sì ra páànù, kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí páànù ti gorí ààfin fúnra rẹ̀, bẹẹrẹ kò ní oníbàárà mọ́. Ohun tí kò ní oníbàárà kò ní olùṣọ́.

Lẹ́yìn náà ni àlejò wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1937, irúgbìn ewéko kan bá irúgbìn igi mẹ̀láínà wọ Nàìjíríà láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí. Kò pẹ́ tí ó fi gba oko àti pápá. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: òun ni ewé tí à ń fún sí ojú ọgbẹ́, tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Akíntọ́lá-ta-kú, láti ìgbà ìjà òṣèlú ọdún 1962, nígbà tí Olóyè Akíntọ́lá kọ̀ láti kúrò lórí àlééfà. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní Akíntọ́lá-ta-kú mọ ewéko. A ro ó, ó hù. A sun ún, gbòǹgbò rẹ̀ tún rú. Òdòdó rẹ̀ funfun pẹ̀lú àwọ̀ àlùkò díẹ̀, kò burú lójú. Ibi tí ó bá ti di ìdí mú, bàákà àti èpàkùn kò ní àyè níbẹ̀.

Ní ayé òde òní, ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé ni pé kí a má dá iná sí igbó. Ìkìlọ̀ náà dára. Iná tí kò ní olúwa ti jẹ oko kòkó, ó ti jẹ abà, ó ti jẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára iná. Ibi tí wọ́n ṣì ti ń yà á sọ́tọ̀ ni Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé. Ilẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba ní 1936 àti 1941, ó di ilẹ̀ ààbò ẹran ìgbẹ́ ní 1952, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ahoro ìlú Aláàfin wà nínú rẹ̀. Àwọn olùṣọ́ ọgbà náà ni ó ń dáná sun koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí iná àwọn ọdẹ àti ti àwọn darandaran má bàa bá koríko gbígbẹ ní ìparí rẹ̀. Ọgbọ́n ni, àmọ́ ẹ rántí ohun tí Olókemèjì kọ́ wa: iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn a máa ṣàánú igi. Bí iná bẹ́ẹ̀ nìkan bá ń jó fún ọgbọ̀n ọdún, igi yóò pọ̀ sí i, àwọn òdòdó ilẹ̀ gbalasa yóò sì máa dín kù ní orí ilẹ̀ tí bẹẹrẹ ti jọba rí. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ya abala díẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n gé koríko rẹ̀ nígbà tí ó bá gbó, kí wọ́n sì sun ún lẹ́yìn náà, ní àkókò tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń ṣe é. Àwọn arúgbó tí ó gé bẹẹrẹ rí kò tíì tán pátápátá ní àwọn abúlé tí ó yí ọgbà náà ká.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti padà sí ìlú rẹ̀ kí n tó ní ìmọ̀ tí mo lè fi bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ní ti ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́yìn iná ọjọ́ náà, òdòdó pupa mẹ́ta yọ láti inú eérú, ó rí ribiti bí bọ́ọ̀lù tí a fi abẹ́rẹ́ gún yíká, igi rẹ̀ dúró ṣánṣán láìsí ewé. Àwọn ọmọ wa já ọ̀kan mú wá sílé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹjọ́ ẹbí parí, ọkọ̀ iyanrìn àkọ́kọ́ sì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.